Ta Ni Iná Náà Ń Tàn Fún?

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ojú tí àwọn aláṣẹ fi ń wo ará ìlú, kí ó má wo ilé tí wọ́n kọ́ fún ìlú lọ́sàn-án nìkan. Kí ó ní sùúrù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lọ́sàn-án, oòrùn ń ràn sórí ilé olówó àti ilé tálákà bákan náà, kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lálẹ́, ẹnì kan ló máa pinnu ibi tí iná yóò wà, òun náà ló sì máa pinnu ibi tí òkùnkùn yóò wà. Ìpinnu yẹn ni mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ nínú àròkọ yìí. Ilé tí mo mú ni ilé tíátà ńlá tó wà ní Ìgànmú, l'Ékòó, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí National Theatre, tí a ti fi sọrí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká báyìí.

Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Iṣẹ́ wáyà ni bàbá mi ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Lálẹ́, bí ènìyàn bá gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà wọn kọjá, yóò rí iná tó mọ́lẹ̀ kedere nínú ọgbà, tó ń tàn sórí ògiri, sórí ọkọ̀ akẹ́rù àti sórí irin. Ní ìta ọgbà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ tó jáde ní ṣíìfù alẹ́ ti ń wá ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá, òkùnkùn biribiri ni. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Owó wọn ni wọ́n fi ń tan iná, ẹrù wọn ni wọ́n sì ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi pé iná máa ń sọ ẹni tó ni ín.

Nígbà tí oníbàárà bá pe bàbá mi pé, "Ẹ bá mi gbé gílóòbù mẹ́rin síwájú ilé yìí, kó lè dán," ìbéèrè kan ni bàbá mi máa ń bi í kí wọ́n tó tú wáyà sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta lẹ fẹ́ kó ríran?" Bó bá jẹ́ àlejò tó ń wọlé ni, iná á lọ sí ẹnu àtẹ̀gùn. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń kọjá lójú títì ni wọ́n fẹ́ kó yẹ́ ilé náà sí, iná á lọ sára ògiri. Ilé aládàáni lè yan èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì. Ilé ìlú kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé owó gbogbo wa la fi kọ́ ọ, gbogbo wa la sì gbọ́dọ̀ ríran níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ilẹ̀ wa. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé oṣù Ọ̀pẹ, nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ sí aago méje ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn máa ń wọ̀, kò sì ní yọ mọ́ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nǹkan bí wákàtí 12 nínú 24 ni gbogbo ilé wa ń lò nínú òkùnkùn. Ayàwòrán-ilé tó bá ya ilé ọ̀sán nìkan, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi iná ilé ìlú. Àkọ́kọ́, ṣé ó jẹ́ ká rí ilé náà bó ṣe rí ní tòótọ́? Èkejì, ṣé ó ran ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń lọ lọ́wọ́? Ẹ̀kẹta, ṣé ó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́?

Kí n tó bi ilé tíátà Ìgànmú ní ìbéèrè wọ̀nyí, ó yẹ kí a mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Technoexportstroy láti orílẹ̀-èdè Bulgaria ló kọ́ ọ. Ilé kan tó wà ní ìlú Varna, níbi tí wọ́n ti ń ṣe eré ìdárayá àti àṣà, tí wọ́n ṣí ní 1968, ni wọ́n wò ṣe àwòkọ́ṣe. Wọ́n parí ti Ìgànmú ní 1976, ó sì wà lára àwọn ibi tí a ti gba àlejò àjọ̀dún FESTAC, láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé, 1977. Ìjókòó 5,000 ló wà nínú gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà Erhabor Emokpae wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún wọ̀nyẹn, ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí tí àwọn òṣèré púpọ̀ fi kó eré wọn lọ sí ibòmíràn. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ fà á lé Báńkì Àgbà Nàìjíríà àti ìgbìmọ̀ àwọn báńkì lọ́wọ́ láti tún un ṣe. Ní oṣù Agẹmọ 2024, nígbà tí Ṣóyínká pé ẹni 90 ọdún, Ààrẹ Bọ́lá Tinúubú fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé náà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà, 2025, wọ́n ṣí i padà.

Ó yá, ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé iná jẹ́ ká rí ilé náà bó ṣe rí? Gbogbo ènìyàn ló gbà pé ó jọ fìlà ṣọ́jà. Kọnkéré ni, ó tóbi, ó sì tẹ̀ kọdọrọ. Ohun tó tẹ̀ kì í fẹ́ iná púpọ̀ níwájú. Ẹ fi ọsàn kan síwájú tọ́ọ̀ṣì kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì náà sí i lójú gan-an, ọsàn náà á dà bí owó ẹyọ, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá tan án láti ẹ̀gbẹ́, òjìji á yọ, ojú á sì rí i pé ó rí róbótó. Òjìji ló ń sọ ìrísí nǹkan fún wa, kì í ṣe iná nìkan. Ilé bí ti Ìgànmú yẹ kó gba iná láti ìsàlẹ̀ àti láti ẹ̀gbẹ́, kí apá kan ara rẹ̀ sì wà nínú òjìji. Ẹni tó bá fi iná funfun bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti sọ fìlà di àwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná aláràbarà tó ń yí àwọ̀ padà láti pupa sí búlúù sí ewé. Ó dára fún ọjọ́ ọdún, ṣùgbọ́n bí ó bá di ojoojúmọ́, àwọ̀ la ó máa wò, a kò ní í wo ilé mọ́.

Ní tèmi, ìgbà tí ilé yẹn rẹwà jù ni ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ lọ́wọ́. Láti oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2023 ni ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Blue Line ti ń kó èrò l'Ékòó, ó sì ní ibùdókọ̀ kan lẹ́bàá ilé tíátà yìí. Ẹni tó bá wo ilé náà láti ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí i pé ojú ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀ díẹ̀, ara ilé náà sì ti dúdú, tí etí fìlà náà hàn gbangba bí ìgbà tí ènìyàn fi àlùmọ́gàjí gé e. Kò sí iná mànàmáná kankan nínú ẹwà yẹn. Iṣẹ́ ẹni tó bá máa tan iná síbẹ̀ ni kí ó má ba ohun tí ojú ọ̀run ti ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà tí mo ní pẹ̀lú ilé náà, kì í sì í ṣe ẹjọ́ alẹ́, ẹjọ́ ọ̀sán ni. Etí òkun ni Varna wà bí Èkó, ṣùgbọ́n oòrùn wọn kì í ṣe tiwa. Lásìkò ooru, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ lọ́hùn-ún. Lásìkò òtútù, kí aago márùn-ún tó lù, ilẹ̀ ti ṣú. Ní Èkó, oòrùn ń gba àárín orí kọjá, ooru kì í sì í lọ. Ilé tó ti ara rẹ̀ pa lè dára níbi tí wọ́n ti ń sá fún òtútù. Níbi tiwa, ilé tó bá ti ara rẹ̀ pa yóò máa jẹ iná láti àárọ̀ dé alẹ́, fún ìmọ́lẹ̀ àti fún ẹ̀rọ amúlétutù.

Ẹnì kan lè sọ pé ilé tíátà gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn nínú, kí iná orí ìtàgé lè ṣiṣẹ́. Òtítọ́ ni, fún gbọ̀ngàn. Kì í ṣe òtítọ́ fún ọ̀dẹ̀dẹ̀, àtẹ̀gùn àti ibi tí èrò ti ń dúró gba tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ lè rí ohun tí mò ń wí, ẹ lọ wo ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew, àwọn ayàwòrán-ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ya á ní nǹkan bí 20 ọdún ṣáájú kí ti Ìgànmú tó dé. Kọnkéré ìgbàlódé ni òun náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó yà á ta àwọ̀n kọnkéré onígun-ún-gùn-ún sí iwájú rẹ̀, tó ní ihò wẹ́wẹ́, tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Oòrùn líle á lu àwọ̀n náà, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, ìmọ́lẹ̀ tútù ni yóò sì dé orí ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ka ìwé lọ́sàn-án láìtan gílóòbù kan ṣoṣo. Bí iná NEPA bá lọ, ìwé kò ní í dúró. Ọgbọ́n yẹn kò jìnnà sí ti àgbàlá inú agboolé wa, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba àárín ilé wọlé láìjẹ́ kí oòrùn pa ẹni tó jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí a bá fi ilé méjèèjì wéra, mo fi ti Ìgànmú ṣáájú nínú ìrísí, mo sì fi ti Ìbàdàn ṣáájú nínú òye ìmọ́lẹ̀. Ti Ìgànmú jẹ́ kí ayé wò wá. Ti Ìbàdàn jẹ́ kí àwa fúnra wa ríran.

Èyí gbé wa dé ìbéèrè kejì, tó wúwo jù lójú mi: ṣé iná ran ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń lọ lọ́wọ́? Nínú àwọn àwòrán alẹ́ ilé tíátà náà tí a sábà máa ń rí, iwájú ilé ni wọ́n ń yà, tàbí kí wọ́n yà á láti òkè bí ìgbà tí ẹyẹ ń wò ó. Kò sí ẹyẹ tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ ni àwọn òǹwòran fi ń rìn. Nígbà tí eré bá parí, tí ènìyàn 5,000 bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà láago mẹ́wàá alẹ́, ẹwà ògiri kò lè mú ẹnikẹ́ni délé. Ohun tí wọ́n nílò ni iná rírẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, tí kò ga ju orí ènìyàn lọ, tí kò sì wọ ojú. Iná ní etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Iná láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibùdókọ̀ ojú irin, tí kò já láàárín. Àti iná tí yóò tàn fúnra rẹ̀ bí ti NEPA bá lọ lójijì, kí èrò má baà tẹ ara wọn mọ́lẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí. Gbọ̀ngàn ìlú kan wà ní agbègbè tí mo mọ̀ dáadáa, tí n kò ní í dárúkọ. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n to iná yí orí rẹ̀ ká, ó dán gbinrin, a sì yọ̀. Ṣùgbọ́n láti ẹnu géètì dé ojú títì, kò sí iná kan. Gọ́tà tí kò ní ìdérí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwọn ọmọ tó ń lọ sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, àwọn ọmọbìnrin ló sì kọ́kọ́ dáwọ́ dúró, nítorí pé àwọn òbí wọn kò fẹ́ kí wọ́n máa rin òkùnkùn yẹn. Kò sẹ́ni tó lé wọn. Kò sí àkọlé pé kí ọmọbìnrin má wọlé. Ibi tí wọ́n gbé iná sí ló lé wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ro èyí dáadáa: gílóòbù méjì lójú ọ̀nà ìbá ti ṣe fún ẹ̀kọ́ wọn ju 40 lórí òrùlé lọ.

Ohun kan wà ní Marina l'Ékòó tó máa ń mú mi ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ère Ṣàngó ni, tí Ben Enwonwu fi idẹ ṣe ní 1964, tó dúró níwájú ilé tó jẹ́ olú ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná orílẹ̀-èdè nígbà náà. Àdúgbò tèmi náà ń jẹ́ Ṣàngó, nítorí náà mo ka ère yẹn sí ará ilé. Enwonwu mọ ohun tó ń ṣe. Ṣàngó ni ó ni mànàmáná, ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò mọ̀ ọ́n fún agbára nìkan; wọ́n mọ̀ ọ́n pé kò gba irọ́ láàyè. Iná tó dán lára ògiri ilé ìlú, tí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ṣókùnkùn, irọ́ ni. Ó ń sọ fún ẹni tó wà lókèèrè pé, "Ẹ máa bọ̀," ó sì ń sọ fún ẹni tó ti dé ìtòsí pé, "Má wọlé."

Ìbéèrè kẹta ni pé ṣé iná mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Àwa ará Ọ̀tà kò lè sọ pé ẹ̀kọ́ yìí ṣàjèjì sí wa, nítorí ọmọ onígẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wá. Kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán tó jáde, alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ló máa ń ṣáájú. Nínú ọjà ni, lóru, fìtílà á wà níbi tí eré ti ń lọ, ará ìlú á pé jọ yí i ká. Ní àwọn ìlú kan, bí Ìyá Ńlá bá fẹ́ jáde, wọ́n á pa gbogbo iná. Òkùnkùn yẹn kì í ṣe àìní, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sínú eré ni, ó sì ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé ní 2001. Ẹ wá wo bó ṣe jẹ́: àwọn baba wa tó ní fìtílà elépo nìkan mọ ibi tó yẹ kí iná dé, ibi tí kò yẹ kó dé, àti ìgbà tó yẹ kó kú. Ilé tíátà tó jẹ́ ilé eré yẹ kó ní òye yìí ju gbogbo ilé lọ. Lọ́jọ́ tí eré kò sí, ní aago méjì òru, ta ni ògiri náà ń dán fún? Kí iná ojú ọ̀nà àti ti àwọn ọlọ́dẹ máa jó. Kí ti ògiri sùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé kí la tún ń sọ nípa iná ara ògiri nígbà tí ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní iná rárá, tí ìyá aláta ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ka owó. Mo gbọ́ ẹjọ́ wọn, mo sì mọ̀ ọ́n, nítorí pé inú ariwo jẹnẹrétọ̀ ni mo ti kọ púpọ̀ nínú àròkọ yìí. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí ilé ìlú wà nínú òkùnkùn nítorí pé ilé wa wà nínú òkùnkùn. Níbi tí iná bá ti ṣọ̀wọ́n ni ó ti yẹ kí ìlú ní ibi kan tó mọ́lẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, níbi tí ọmọ tálákà lè jókòó kàwé, tí àgbà lè jókòó tàkúrọ̀sọ láìbẹ̀rù. Owó rẹ̀ kò sì tó bí ó ti ṣe rí tẹ́lẹ̀. Gílóòbù LED oníwáàtì 9 ń fúnni ní ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, sólà sì lè gbé e láìsí NEPA. Ohun tó kù kì í ṣe owó nìkan, èrò ni. Àwọn mìíràn yóò sọ pé iyì orílẹ̀-èdè wà nínú kí ilé ńlá dán lójú àlejò. Èmi náà fẹ́ iyì yẹn. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìlú tí ọmọ rẹ̀ ń ṣubú sí gọ́tà lẹ́yìn eré kò tíì ní iyì tí yóò fi han àlejò.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi rèé. Ilé tíátà Ìgànmú jẹ́ ilé tí ìrísí rẹ̀ gba iná, tó sì tọ́ sí iná. Àtúnṣe rẹ̀ sì jẹ́ ohun tó yẹ kí gbogbo wa yọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ilé tó ti ara rẹ̀ pa mọ́ oòrùn ti jẹ wá ní gbèsè, ọ̀nà tó sì lè gbà san án ni kí iná rẹ̀ lálẹ́ jẹ́ ti àwọn ènìyàn kó tó jẹ́ ti ògiri. Kí wọ́n tan ọ̀nà, kí wọ́n tan àtẹ̀gùn, kí wọ́n tan ibùdókọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ìyókù ṣe fìlà náà lọ́ṣọ̀ọ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin náà lè ṣe lámèyítọ́ yìí láìlọ sí Ìgànmú. Ẹ yan ilé ìlú kan tó wà nítòsí yín: sẹkitéríàtì, gbọ̀ngàn, ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ilé-ẹ̀kọ́ yín gan-an. Kí àgbàlagbà kan bá yín lọ síbẹ̀ láago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ ka iye iná tó wà lára ògiri, ẹ ka iye tó wà lójú ọ̀nà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí olùkọ́ yín fi ránṣẹ́ sí káńsù. Ẹ kò nílò láti mọ ọ̀rọ̀ ayàwòrán-ilé kankan. Ìbéèrè bàbá mi ti tó: ta lẹ fẹ́ kó ríran?